Iná Mọ́tò Tó Ń Wo Orí Ọ̀pẹ

Ẹjọ́ kan dé ààfin Ọlọ́jà wa nítòsí Igbódìgò lánàá. Bí ẹni tó pè é bá mọ̀ ni, ì bá jókòó sílé rẹ̀. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò Lawrence, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níwájú Ọlọ́jà, ọkàn Lawrence sì wà lára kọ́kọ́rọ́ náà. Mọ́tò yẹn ló fi ń gbé èrò lọ sí Òkìtìpupa, òun ló fi ń jẹun.

Àmínù tó ń kọ ẹyìn ló pè é lẹ́jọ́. Ó ń tiro, ó ń kérora.

“Ọlọ́jà, ẹ gbà mí! Mò ń rìn jẹ́jẹ́ mi lẹ́bàá títì ní ìdájí, ọkùnrin yìí tan iná mọ́ mi lójú, mo ré sínú kòtò. Ẹ má dá mọ́tò náà padà fún un!”

Ọlọ́jà yíjú sí Lawrence. “Ta ló bá ọ fi gílóòbù LED yẹn sí iná iwájú mọ́tò rẹ?”

“Èmi fúnra mi ni, Bàbá.”

“Wọ́n ní ọ̀tún àti òsì ló yẹ kí ojú méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lára rẹ̀ máa wò. Kí ló dé tí tìrẹ ń wo òkè?”

“Bàbá, ọmọ etí òkun ni mí. Lọ́dọ̀ wa, iná tó bá ń wo ìsàlẹ̀, ẹja ló ń pè. Kí ni mo fẹ́ fi ẹja ṣe lójú títì? Ni mo bá gbé ojú rẹ̀ sókè.”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí. Lawrence kò rí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe Salome ẹlẹ́ja, tó wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

“Oorun ni mò ń sùn, Bàbá, n kò rí nǹkan kan. Orí igi ṣáà mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán.”

“O sùn, o sì rí orí igi?”

“Igbe ló jí mi. Òkè ni igbe náà ti ń bọ̀.”

“Òkè kẹ̀? Àmínù, ṣé òkè ni kòtò tìrẹ wà?”

Kí Àmínù tó lanu, Tọ̀yíbà ìyàwó rẹ̀ ti bú sẹ́kún. “Ọlọ́jà, ẹ ṣàánú wa! Bí ọ̀pẹ yẹn ṣe ga tó, díẹ̀ ló kù kí n di opó!”

“Ọ̀pẹ wo?”

Àmínù ń ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò wo ibẹ̀, ó ní, “Èyí tó wà nídìí pẹ̀rẹ̀gún, Bàbá, tí ẹyìn rẹ̀ tóbi jù.”

Ọ̀pẹ Ọlọ́jà ni. Láti èṣí ni ẹyìn rẹ̀ ti ń pòórá, tí wọ́n ní ọ̀bọ ló ń kó o.

“Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun,” ni Ọlọ́jà wí. “Lawrence, iná rẹ bá mi mú ọ̀bọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń pàdé rẹ lójú títì kọ́ ni ọ̀bọ. Yí gílóòbù náà bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ara ògiri ni wọ́n ń tan iná náà sí láti wò ó bóyá ó tọ́. Ó dáa, Àmínù ni ògiri rẹ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa dúró níwájú mọ́tò; ọjọ́ tí iná náà kò bá kọjá orúnkún rẹ̀ ni mọ́tò rẹ máa kúrò láàfin. Kí ògiri má sì ṣẹ́jú o!”

Lawrence wo ẹsẹ̀ Àmínù. Kò gùn ju ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó lọ. Ẹ̀rù bà á gidigidi pé iná mọ́tò kò lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láé.

“Ọlọ́jà, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní ẹni tó ga díẹ̀.”

Ọlọ́jà ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

“Ẹni tí orí rẹ̀ kan imọ̀ ọ̀pẹ mi, ìwọ lo wá ń sọ pé ó kúrú?”