Ẹjọ́ Màmá Àgbà Tó Fi Ọjọ́ Orí To Orin Ìfẹ́

Ẹjọ́ kan já lu gbọ̀ngán abúlé Satgol lánàá, irú èyí tí wọn kò rí mọ́ láti ìgbà tí màlúù Bàbá Tak ti jẹ fìlà ọlọ́pàá. Ọmọ-ọmọ ló pe ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́. Orin ló sì tìtorí ẹ̀ pè é.

Ojú ló kọ́kọ́ dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé péjọ síwájú gbọ̀ngán láti po kímíchì, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń jẹ nígbà òtútù, tí kábéèjì ga bí òkè, tí àwọn ìyá ń pe iyọ̀ síhìn-ín, ata sọ́hùn-ún, Ham Dal-su, ọmọ-ọmọ náà, gbé agbọ̀n kábéèjì láyà, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọmọbìnrin kan tí kò rí rí. Yeo Mi-ryang ni, nọ́ọ̀sì tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré abúlé. Omi kún ojú ọmọbìnrin náà. Dal-su rò pé ìfẹ́ ni. Ata ni. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ti ṣubú kì í bèèrè ohun tó tì í.

Lánàá, Baálẹ̀ Ok Chang-deuk jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná gbọ̀ngán, tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀ nítorí òtútù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkéde òwúrọ̀ lórí gbohùngbohùn abúlé, pé ọkọ̀ iyọ̀ ń bọ̀. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ yí i ká, wọ́n ń bó ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ.

"Ta ló ń pe ta lẹ́jọ́?" ni Baálẹ̀ wí.

"Èmi ni, Baálẹ̀," ni Dal-su dáhùn. "Mo pe Màmá Àgbà lẹ́jọ́."

"Ìyá tó bí bàbá rẹ?"

"Àwọn náà ni. Ẹ forí jì mí."

"Ṣé o ti jẹun kí o tó wá?"

"Mo ti jẹun, sà. Àwọn ló sè é fún mi."

Màmá Àgbà Pyo Mal-sun kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Abọ́ méjì ló jẹ," ni ó wí. "Ó ní kí n bu ọbẹ̀ kún un."

Ìgbìmọ̀ mi orí. Dal-su rí i pé ẹjọ́ òun ti ń tẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

"Baálẹ̀, mo ní àwo orin páálí méjì," ni ó wí. "Láti ìgbà tí mo wà níléèwé ni mo ti ń rà wọ́n. Mo kó gbogbo orin inú wọn sínú kọ̀ǹpútà, àwo kan lẹ́yìn òmíràn, títí kọ̀ǹpútà fi ń mí hẹlẹ bí ẹran tó gun òkè. Lẹ́yìn náà mo ṣa èyí tó wù mí, mo kó wọn sínú ẹ̀rọ orin kékeré, èyí tí èèyàn ń gbé kọ́rùn tó ń fi okùn rẹ̀ sétí. Mo sì tò wọ́n. Títò yẹn gan-an niṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni 'Ta Ni Ọ́?' Èkejì ni 'Mo Rí Ọ Láàárín Èrò.' Ẹ̀kẹta ni 'Oorun Ti Kọ̀ Mí Sílẹ̀.' Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, títí dórí èyí tó kẹ́yìn, 'Má Lọ, Jókòó Tì Mí.'"

"Ta lo tò wọ́n fún?"

Dal-su wolẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Nọ́ọ̀sì ni," ni Màmá Àgbà bá a dáhùn. "Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Ọmọkùnrin tó lè gbé ọmọ màlúù fo odò."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó rojọ́ rẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà kí iná lè wọ̀ ọ́, mo lọ sóko. Nígbà tí mo dé, mi ò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e fún Mi-ryang. Mo ní, 'Ẹ bá mi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.' Lọ́jọ́ kejì ó dá a padà láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn, á ti fèrèsé. Mo tún wá gbọ́ pé àǹtí rẹ̀ ti bá a wá ọkùnrin kan nígboro. Sátidé yìí ni wọ́n fẹ́ lọ wo ara wọn nílé kọfí."

"Orin wo ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú ẹ̀rọ náà?"

"'Má Tẹ Ẹnu Ọ̀nà Mi Mọ́.'"

"Èkejì?"

"'Ọkọ̀ Ojú Irin Ìrọ̀lẹ́ Ń Dúró Dè Ọ́.'"

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"'Èmi àti Ọtí Mi Ti Tó Ara Wa.'"

"Èyí tó kẹ́yìn?"

"'Ta Ni Ọ́?'"

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀. "Bí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ sí èmi," ni ó wí, "n ó ti fèrèsé, n ó sì kan án níṣòó. Ṣùgbọ́n kí ni orin ọtí ń wá nínú ìfẹ́ rẹ?"

"Àárín ni mo fi wọ́n sí, Baálẹ̀. Níbi tí wàhálà ti ń dé sáàárín olólùfẹ́ méjì. Ìfẹ́ tí kò bá tíì rí ìjì, ta ló máa gbà á gbọ́?"

Ìyá Ma Jeom-rye, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni," ni ó wí. "Ti èmi bẹ̀rẹ̀ láti ìjì, kò tíì rọ̀."

Wọ́n yíjú sí olùjẹ́jọ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ tú orin ọmọ yìí ká?"

"Mi ò tú u ká. Mo tún un ṣe ni. Àbí ẹ ti gbàgbé pé mo gba ìwé ẹ̀rí ní kíláàsì kọ̀ǹpútà àwọn àgbà, nínú gbọ̀ngán yìí kan náà? Mo ṣí ohun náà pé kí n wo ohun tó ń jẹ iná mi, mo sì rí ohun ìtìjú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ra-im, tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ìdodo rẹ̀ wà níta gbangba lára páálí àwo, òun ló wà lókè téńté. Bàbá Bang Hak-rae, tí wọ́n ti ń kọrin kí ìyá ọmọ yẹn tó lọ́kọ, ẹ mọ ibi tí mo bá wọn? Láàárín àwọn ọmọ tó pa irun láró."

"Orin ṣá ni, Màmá."

"Ṣé orin ló ń kọ ara rẹ̀ ni? Nínú ilé mi, ẹnikẹ́ni kì í gbé ṣíbí kí àgbà tó gbé tirẹ̀. Ṣé ibi orin ni kí ọmọdé ti wá máa la ẹnu ṣáájú bàbá rẹ̀? Mo fi nọ́ńbà síwájú orúkọ kálukú, ẹni tó dàgbà jù lókè, ẹni tó kéré jù nísàlẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ṣe é. Ojú ń ro mí. Mo ń retí kí ó dúpẹ́ ni, ó pè mí lẹ́jọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ ọjọ́ orí gbogbo wọn?"

"Mo mọ ti àwọn tí mo mọ̀. Àwọn yòókù, mo wo awọ ọrùn wọn lára páálí."

Bàbá Tak Pan-gil, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, ti na ọwọ́ sókè tipẹ́. "Baálẹ̀, títò yẹn gan-an kò tọ́. Seo Man-ho tó kọ orin ọkọ̀ ojú irin ló yẹ kó wà lókè, kì í ṣe Bang Hak-rae. Man-ho ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n tèmi àti Man-ho jọ wà níléèwé kan náà ni."

"Irọ́ ni," ni Ìyá Ma wí. "Ìwé ìjọba ní Bang ló dàgbà jù."

"Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ ìwé ìjọba? Àwọn òbí ayé ìgbà yẹn kì í sáré kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò yè. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọdún méjì ni mo ti lò láyé kí ìjọba tó gbọ́ nípa mi."

"Ẹ ò rí i pé ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi hùwà bí àgbà. Ọdún méjì ṣì kù yín kù."

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ Man-ho."

"Bàbá Tak," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé ẹ̀gbọ́n yín lọ síléèwé ni?"

"Kò wọlé. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá."

Ni gbọ̀ngán bá dàrú. Àwọn kan ní Bang ni, àwọn kan ní Man-ho ni, Màmá Àgbà ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ pé bí Man-ho bá dàgbà jù lóòótọ́, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá kí òun tún un tò lójú ẹsẹ̀. Dal-su ń wo ẹnu gbogbo wọn. Ó dà bíi pé Sátidé ń rìn bọ̀ láàárín wọn, tó sì wọ bàtà tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí. Wọn ò gbọ́. Ó dìde dúró. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá Bang ni o, bóyá Man-ho ni, ọmọbìnrin tí mo nífẹ̀ẹ́ rò pé mo ní kó máa wọkọ̀ ojú irin lọ. Mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ pé irọ́ ni. Bí mo bá dé iwájú rẹ̀, ahọ́n mi á wúwo bí ọlọ. Gbogbo ohun tí mo rí sọ fún un láti ọjọ́ kímíchì ni pé apá ń dùn mí. Apá kankan ò dùn mí. Yeo Mi-ryang ni. Bí ó bá lọ bá ọkùnrin ìgboro yẹn, n ó máa rìn lábúlé yìí bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ mi."

Ni ilẹ̀kùn bá yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi-ryang fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, tó ń mí bí ẹni tó sáré.

"Baálẹ̀," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa gbohùngbohùn."

Baálẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná pupa orí ẹ̀rọ ìkéde ń tàn rẹrẹ. Láti ìgbà ìkéde iyọ̀ ni kò ti pa á. Ọmọ-ọmọ tó pe ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́, ìdodo Ra-im, ìjì ilé Ìyá Ma, gbogbo rẹ̀ ló ti dún kárí abúlé, dé oko ata, dé etí odò. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ iyọ̀ ti dúró, awakọ̀ ti yọ orí síta láti gbọ́ ìdájọ́.

Dal-su fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kàn ń gbóná ni.

"Nọ́ọ̀sì, wá jókòó," ni Baálẹ̀ wí, lẹ́yìn tó pa iná náà. "Ṣé o gbọ́ orin ọ̀hún tán?"

"Mo gbọ́ ọ tán. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mo ṣì í gbọ́ ni. Mo ní ọkùnrin yìí tó ń wá fún ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, ó ti rí i pé mi ò mọṣẹ́, ó fẹ́ kí n kúrò lábúlé. Ó sì wá bi mí níkẹyìn pé ta ni mí. Mo sunkún, Baálẹ̀."

"Bí ti ọjọ́ kímíchì?" ni Dal-su bèèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ọjọ́ kímíchì, ata ni."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Mi-ryang kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Dal-su. "Èyí kì í ṣe ata," ni ó wí.

Baálẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ forí korí. Wọ́n jẹ ọsàn tó kù. Lẹ́yìn náà Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Bang Hak-rae àti Seo Man-ho, láti òní lọ, ìbejì ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí èwo ló kọ́kọ́ jáde. Màmá Pyo Mal-sun jẹ̀bi, nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún olórin tí kò sí nílé, wọ́n sì ba ọ̀rọ̀ ọmọ inú ilé jẹ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé ṣíbí, wọn á dìde dúró, wọn á gbọ́ orin Ra-im tán, wọn á sì tẹrí ba fún un, títí wọn yóò fi mọ orin náà lórí."

"Chang-deuk," ni Màmá Àgbà wí, "èmi tí mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí o ń tọ̀ sílé. Kí n tẹrí ba fún ìdodo?"

"Fún orin ni, Màmá. Ìdodo lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi Baálẹ̀ náà jẹ̀bi gbohùngbohùn. Èmi nìkan ni n ó já iyọ̀ gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi jù ni Dal-su."

"Èmi tí mo pẹjọ́?"

"Ìwọ. O ní ẹnu, o ní ọwọ́, o wá lọ háyà arúgbó méjì àti ọmọdébìnrin kan pé kí wọ́n bá ọ dẹnu ìfẹ́. Jókòó síbẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ọ̀rọ̀ orin kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde títí yóò fi kọ ọ́ tán. Ẹni tó ní ọbẹ̀ lórí iná, kó jẹ́ kó jó."

Ìyá Ma kígbe pé ẹja òun.

Wọ́n fún Dal-su ní ìwé ìkéde iyọ̀, ó yí i dà sẹ́yìn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ òmíràn, ó wo òkè àjà. Bàbá Tak ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ọjọ́. Ìyá Ma ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyinjú. Òórùn ẹja jíjó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Kọ ọ́ kó ṣeé kà," ni Mi-ryang wí. "Sátidé ò jìnnà."

Ni Dal-su bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò sì gbórí sókè mọ́ títí ìwé náà fi kún. Ó ká a sí méjì, ó dìde.

Màmá Àgbà ti na ọwọ́. "Gbé e wá. Èmi ni mo dàgbà jù níbí."

"Èmi ni," ni Bàbá Tak wí, "bí ẹ bá ka ọdún méjì mi yẹn mọ́ ọn."

Ara Dal-su ti ń yí sọ́dọ̀ wọn fúnra rẹ̀, bí ara ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Lónìí nìkan, láti ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló kéré jù nínú gbọ̀ngán yìí?"

Gbogbo wọn ló wo ibì kan náà.

Dal-su kọjá lára Màmá Àgbà, ó kọjá lára Bàbá Tak, ó kọjá lára gbogbo àgbà Satgol, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà. Mi-ryang nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára aṣọ funfun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.