Rímù Mọ́rísì Tó Pa Ilé-Ìwé Dé

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ojú mi ló ṣe, ẹni tó bá sọ ọ́ fún mi, n óò ní ẹmu àárọ̀ ló ń pa á. Ọlọ́jà Òkè-Ìṣin, Kábíyèsí wa, àti àwọn ìjòyè ti ń múra láti lọ jẹun nígbà tí obìnrin kan já wọlé, tó ti fi gèlè gbàjá, tó kúnlẹ̀ gbì, tó ní òun kò dìde àfi bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ òun. Ìyáàfin Grace Adémúyìwá ni, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ọ̀gá. Ọkùnrin kan ni ó fà lọ́wọ́ wọlé. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ dúdú fún gírísì.

Ọkùnrin náà ni Dókítà Ernest Adéníran, tó fẹ̀yìn tì ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe: ó ń kó irin ògbólógbòó mọ́tò jọ. Kò sí mọ́tò tó kú sínú igbó láti Ilaporu títí dé Mamu tí kò tíì lọ kí. Yóò tú ilẹ̀kùn lára èyí, yóò yọ iná lára tọ̀hún. Ó ní òun fẹ́ jí Mọ́rísì kan, mọ́tò ayé òyìnbó, dìde, kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sílẹ̀.

Kábíyèsí jókòó padà, ebi hàn lójú wọn.

“Grace, dìde. Kí ló dé?”

“Kábíyèsí, Dókítà jí agogo ilé-ìwé.”

“Irọ́ ni!” Dókítà fò sókè. “N kò fọwọ́ kan agogo kankan. Rímù ni mo mú.”

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa tó máa ṣe hàà, agogo ilé-ìwé wa kì í ṣe ti bàbà. Rímù Mọ́rísì kan ni, tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ sórí igi máńgòrò láti ayé àwọn bàbá wa. Irin ni wọ́n fi ń lù ú. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yóò wọ kíláàsì. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń jáde lọ jẹun nìyẹn. Bí wọ́n bá wá lù ú láìdúró, ilé-ìwé ti parí, ó dilé. Kò sí ọmọ Òkè-Ìṣin tí kò mọ ohùn rẹ̀.

“Báwo ni ó ṣe jẹ́?” Kábíyèsí bi Ìyá Ọ̀gá.

“Ọjọ́ Sátidé tí kò sẹ́nìkan nílé-ìwé ni wọ́n wá tú u. Nígbà tó di Mọ́ńdè, a bá rímù mìíràn lórí igi, ó funfun, ó ń dán. Tíṣà lù ú, ó ní pó. Ó tún lù ú, ó ní pó. Ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ igi náà kò tilẹ̀ gbé orí.”

“Rímù mọ́tò ìgbàlódé nìyẹn, Kábíyèsí!” Dókítà na ìka. “Àwọn ọlọ́lá ń wá irú rẹ̀. Mo fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó, wọ́n tún ń pè mí lólè. Ẹ bá mi wo ayé!”

Olísà, tó jẹ́ pé òun ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn ìjòyè, fa irùngbọ̀n.

“Ernest, ṣé o gbàṣẹ kí o tó tú u?”

“Mo gbàṣẹ, Bàbá Olísà.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

“Lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀gá fúnra wọn. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́, mo tẹ̀ síwájú, mo ní, ‘Ìyá Ọ̀gá, mo fẹ́ wá mú rímù yẹn.’ Wọ́n ní, ‘Àmín.’”

“Àlùfáà ni mo ń ṣàmín fún!” Ìyá Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ gèlè lù ú. “Orí òkè ni mo wà nínú ẹ̀mí, n kò gbọ́ ohùn èèyàn kankan!”

“Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Mà. Àmín, Àmín.”

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ẹkún ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ti jókòó jẹ́jẹ́ lápá kan, tó gbé fáìlì lé itan, wá dìde. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá ni, alábẹ̀wò ilé-ìwé, tó wá láti ọ́fíìsì Ìjẹ̀bú-Igbó.

“Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Èmi ni mo wá bẹ ilé-ìwé yìí wò ní Túsìdeè. Aago mẹ́wàá kò tíì lù. N kò bá ọmọ kan. Tíṣà àti ewúrẹ́ ni mo bá. Mo ní, ‘Ọmọ dà?’ Wọ́n ní agogo ti lù, wọ́n ti lọ sílé. Mo ní, ‘Agogo dà?’ Wọ́n ní wọ́n ti jí i. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Agogo tí wọ́n jí ní Sátidé ni ó pa ilé-ìwé dé ní Túsìdeè! Mo sọ fún Mà pé kí wọ́n di ẹrù wọn. Efire ni mo ń gbé wọn lọ.”

“Efire!” Ìyá Ọ̀gá ti tún wólẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Èmi tí omi inú garawa ń bà lẹ́rù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni wọ́n fẹ́ kí n lọ máa gbé láàárín àwọn apẹja. Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ò ríran mọ́, èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bí mo bá lọ, ta ni yóò bọ́ ọ?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kábíyèsí ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

Ṣàkírù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Òun ló ń na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí ilé-ìwé.

“Ṣàkírù, kí lo ṣe ní àárọ̀ Túsìdeè?”

“Wàláì, Kábíyèsí, mo sùn.”

“Éè rí bẹ́ẹ̀!” Obìnrin kan ti figbe ta láàárín èrò. Asimawu ni, tó ń ta ìkọ́kọrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. “Hámà ló ń lù láti òwúrọ̀, gbọ̀ọ̀n, gbọ̀ọ̀n, gbọ̀ọ̀n!”

“Fẹ́ńdà ni mo ń lù,” ni Ṣàkírù wí.

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o sùn ni,” Olísà rán an létí.

“Mo sùn, Bàbá. Nígbà tí mo jí ni mo lu fẹ́ńdà.”

“Fẹ́ńdà wo?” Asimawu ti dé iwájú. “Kábíyèsí, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ agogo yẹn, òun ló lé èmi náà wọ kíláàsì. Rímù ni! Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n kọrin ìparí, wọ́n tú yáyá gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mi kọjá.”

“Asimawu,” ni Kábíyèsí wí, “ṣé ìwọ mọ̀ pé àsìkò ìparí kò tíì tó?”

“Mo mọ̀, Kábíyèsí. Oòrùn ò tíì mú.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n padà?”

Asimawu wolẹ̀.

“Wọ́n ń ra ìkọ́kọrẹ́, Kábíyèsí.”

Wọ́n pe Lará, ìyàwó Dókítà. Ó wọlé tìtìjú-tìtìjú.

“Kábíyèsí, ọkọ mi kì í jalè. Kò mú nǹkan onínǹkan rí.” Ó wo ọkọ rẹ̀. “Àfi tó bá jẹ́ irin.”

“Lará!” ni Dókítà wí.

“Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ó ti sú mi! Gíọ̀ mọ́tò ló wà nílé ìwẹ̀ wa. Mọ́tò náà ló ń sun pálọ̀, èmi ni mò ń sun kọ̀rídọ̀. Níjọ́sí mo ṣí ìkòkò ọbẹ̀, iná mọ́tò ni mo bá nínú rẹ̀, ó ní òun fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ẹ́ kí ìpẹtà lè ṣí. Rímù tí ẹ ń wí, ó gbé e lọ fún Ṣàkírù kó nà án tọ́, lẹ́yìn náà ó kùn ún lọ́dà, ó wá tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí mi ló fi sí i lábẹ́.”

Bí Lará ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú Kábíyèsí, ó ń wo abẹ́ àga wọn.

“Ẹ dákun, Kábíyèsí. Àga tí ẹ jókòó lé yìí, ṣé kì í ṣe ìjókòó ẹ̀yìn Pijó àtijọ́ ni?”

“Ernest!” Olísà ké bí ẹni tí àkekèé ta. “Àga ọba!”

“Sípíríìnì rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, Bàbá.”

Kábíyèsí rọra fa aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ àga náà. Wọ́n ní kí Lará lọ gbé rímù wá.

Kò pẹ́ tó fi dé, tó fi ìró léèsì wé e bí ọmọ tuntun. Ó pupa, ó ń kọ mọ̀nà. Wọ́n fi okùn gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin, Kábíyèsí sì ní kí Ṣàkírù lù ú bó ṣe lù ú ní Túsìdeè.

Gbọ̀ọ̀n! Gbọ̀ọ̀n! Gbọ̀ọ̀n! Gbọ̀ọ̀n!

Ilé-ìwé kò jìnnà sí ààfin. Ká tó ṣẹ́jú, a gbọ́ orin ìparí. Lẹ́yìn náà ni eruku sọ. Àwọn ọmọ tú jáde pẹ̀lú báàgì lórí, wọ́n ń kí Kábíyèsí bí wọ́n ti ń sáré kọjá, tíṣà mẹ́ta ń lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo pé oúnjẹ ọ̀sán ni wọn ò tíì jẹ.

“Yéè!” Ìyá Ọ̀gá káwọ́ lérí. “Wọ́n tún ti pa á dé!”

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá yọrí lójú fèrèsé títí ọmọ tó kẹ́yìn fi kọjá. Ó padà wá jókòó.

“Mo ti gbà. Rímù ló pa ilé-ìwé dé. Ṣùgbọ́n nǹkan ìjọba ni. Bó bá jẹ́ pé Mà ló yọ̀ǹda rẹ̀, Efire náà ni. Àfi bí ẹni tó mú un bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jí i ni.”

Gbogbo ojú yí sí Dókítà.

“Jí kẹ̀?” Ó tún táì rẹ̀ ṣe. “Èmi, odidi Dókítà! Èmi tí mo ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo dá a nídè ni. Ẹ so àgbàlagbà rọ̀ sórí igi, ẹ ń fi irin nà án láàárọ̀ lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó bá a bẹ̀bẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣàánú rẹ̀.”

“Dókítà, ẹ ṣàánú èmi náà,” ni Ìyá Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. “Ẹ kàn sọ òtítọ́.”

“Àmín ni ẹ ṣe, Mà.”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dìde. Ẹni tó kàwé tó báyìí, kó máa wo ìyá arúgbó afọ́jú kan bíi pé kò ṣe pàtàkì tó nọ́ọ̀tù àti bóòtù! Ṣùgbọ́n Kábíyèsí kò bínú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ernest, Mọ́rísì rẹ yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

Ojú Dókítà tàn. “Kábíyèsí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn ju ti tuntun lọ. Rímù yìí nìkan ló kù tó ń wá.”

“Ṣé o máa ń wà á jáde?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mọ́tò wíwò ni, kì í ṣe mọ́tò wíwà. Eruku ò gbọdọ̀ kàn án.”

“Ó dáa.” Kábíyèsí gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. “Ẹ gbọ́ ìdájọ́. A ò ní pe Ernest lólè. Ó ní wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun ni. Kó máa gbé rímù rẹ̀ lọ. Grace ń lọ sí Efire.”

Ìyá Ọ̀gá bú sẹ́kún. Dókítà ti na ọwọ́ sí rímù.

“N kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí a ṣe lóore, ó yẹ kó moore. Láti Mọ́ńdè, Ernest, ìwọ ni yóò máa fi Mọ́rísì yẹn gbé Grace lọ sí Efire láràárọ̀, ìwọ ni yóò máa gbé e padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí yóò fi fẹ̀yìn tì.”

Ọwọ́ Dókítà dúró lójú kan.

“Kábíyèsí, ọ̀nà yẹn ní kòtò.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀.”

“Òjò ń bọ̀. Tí o bá sì ń padà bọ̀, kó o máa bá ààfin ra ẹja bọ̀. Ẹja tútù. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni kó o máa tò ó sí.”

“Ẹja kẹ̀? Lórí awọ?”

“Àti edé,” ni Olísà fi kún un.

Dókítà wo Kábíyèsí. Ó wo Olísà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì.

“Mo jí i!”

“Ẹ tún un sọ, Sà,” ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá wí, ó ti ṣí fáìlì.

“Mo jí i! Olè ni mí! Àdúrà ni Ìyá Ọ̀gá ń gbà, wọn ò mọ nǹkan kan, èmi ni mo yọ́ lọ tú u! Olè pọ́ńbélé ni mí, Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹja sí i!”

Akínbọ́lá pa fáìlì dé.

“Mà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ níbí. Efire ti di ti ẹlòmíràn.”

Ìyá Ọ̀gá ń fi etí gèlè nu ojú, Asimawu gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ń sunkún ayọ̀. Inú mi dùn bíi pé ìyá tèmi ni wọ́n dá sí.

“Ernest,” ni Kábíyèsí wí, “ní ìlú yìí, olè ló ń ru ohun tó jí káàkiri ìgboro. Gbé rímù yẹn lérí. Gba ìsàlẹ̀ ọjà, kí gbogbo ayé rí ọ, kí o sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ so ó padà.”

Dókítà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Kò jiyàn rárá. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí Lará yá òun ní gèlè, kí òun fi ṣe òṣùká. Olísà ní kí ojú tì í ni, kì í ṣe kó máa tọ́jú orí.

“Kì í ṣe nítorí orí, Bàbá Olísà,” ni Dókítà wí, ó ti ń ká gèlè náà jẹ́jẹ́. “Irun orí mi le. Ó lè ha ọ̀dà rẹ̀.”