Àgbàdo Aládùn Tí Mo Fi Pe Mama Osaro Lẹ́jọ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé: Sátidé tí mo pe obìnrin aláìṣẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí àgbàdo, ní Iyaro, nílùú Benin.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú irúgbìn àgbàdo aládùn oríṣi méjì ti òkè òkun bọ̀, pupa àti funfun. Mo gbin pupa sẹ́yìn fèrèsé mi. Mo gbin funfun síbi tó bá oko ata Mama Osaro pààlà, opó kan tí onílé wa yá nílẹ̀. Nígbà tí koríko fẹ́ bò wọ́n, mo ra oògùn apakoríko. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ike rẹ̀ pé ti àgbàdo ni. Mo fọ́n ọn sí gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹni tó kàwé dé yunifásítì kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì.

Lọ́jọ́ kẹfà, koríko kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo funfun tó wà lẹ́bàá Mama Osaro náà rọ, ewé wọn ṣá. Pupa ń jó nínú afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀. Kí ni onílàákàyè yóò rò, bí kò ṣe pé omi ọṣẹ tí obìnrin náà ń dà nù lẹ́bàá ààlà ló pa á? Mo jókòó, mo kọ ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́ta sí onílé: ọjọ́ tí obìnrin náà da omi ọṣẹ nù, aago mélòó ló dà á, iye ìgbà tó fi ojú ọ̀tá wò mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Mo kà á.

Onílé ní bó bá jẹ́ òótọ́, Mama Osaro á kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ata yẹn ló sì ń gbé lọ ọjà Ekiosa tó fi ń bọ́ ọmọ! Mo ní kò kàn mí. Kí ẹjọ́ mi lè gún, èmi fúnra mi ni mo lọ pe Káyọ̀dé, ọmọ ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀, kó wá jẹ́rìí lójú gbogbo wa.

Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ewé wò. "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ fọ́n?"

"Ti àgbàdo ni! Ike rẹ̀ nìyí, kà á."

Ó kà á síta, títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti rí bí ẹsẹ̀ èèrà. "Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo àgbàdo aládùn ló lè fara dà á o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ìdí méjì, mẹ́ta. Pupa yín fara dà á. Funfun ò lè fara dà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pa á."

Mama Osaro pàtẹ́wọ́. "Oga Grammar! So na you kill am!"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tèmi ti ṣòkòtò funfun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Onílé ò tilẹ̀ ronú kó tó dájọ́: kí Mama Osaro máa dá oko ata rẹ̀ lọ, bí pupa mi bá sì gbó, tirẹ̀ ni. Ó gbó lóòótọ́. Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni Mama Osaro ti sè é, ó na ẹyọ kan sí mi: "Oga, chop."

Mo ṣì ní ẹ̀sùn kan lọ́kàn sí ẹni tó kọ lẹ́tà tíntìntín yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mo máa ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ ara mi tán kí n tó kọ ẹ̀sùn ẹlòmíì. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ìyà tọ́ sí: mo jẹ àgbàdo yẹn, ó sì dùn débi pé inú tún bí mi.