Kò Sí Ẹ̀gbọ́n, Kò Sí Àbúrò Nínú Yàrá Sáfà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Ìdí-Ọsàn, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń sùn, kí ará ilé rẹ̀ jí i! Kábíyèsí ló rán mi, ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Adégòróyè jáde láti lọ ra ẹ̀rọ apínrù. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, tó dá ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè pé kí ni apínrù, ẹ fetí sílẹ̀! Sáfà mẹ́ta ló wà láàfin. Àwọn ni kọ̀ǹpútà tó ń dá foonù àwọn oníbàárà lóhùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ọsàn wa. Apínrù a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa pín wọn: ìwọ, lọ sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ìwọ, lọ sọ́dọ̀ ìkejì, ìwọ, lọ sọ́dọ̀ ìkẹta. Ó parí!

Lọ́dún tó kọjá, a kò ní apínrù. Àwọn olóyè ní sáfà tí a kọ́kọ́ rà ni àgbà, wọ́n ń pè é ní Bàbá, òun ni kí gbogbo àlejò máa kí. Ẹgbẹ̀rún àlejò kí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá dákú! Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì jókòó, wọ́n ń wò. Ọsàn jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà! Mo ní ọsàn jẹrà! Kábíyèsí búra pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, Adégòróyè yóò dá kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà padà, ewúrẹ́ ààfin ni yóò sì máa gbé ibẹ̀.

Òǹtajà kan gbé apínrù wá. Ó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Olóyè Ọ̀tún pariwo pé èyí ló yẹ ìlú, kí wọ́n sáà wo iná! Adégòróyè kò wo iná. Ó fa wáyà sáfà kan yọ, ó ká ọwọ́ sáyà, ó dúró. Kọ́bọ́ọ̀dù ṣì ń rán àlejò lọ sọ́dọ̀ òkú! Ó ń rán wọn lọ ṣáá! Adégòróyè ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ó ra kékeré méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ó tún fa wáyà yọ. Kó tó ka ẹẹ́ta, wọn kò rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Bí ẹni tó ń pín bá kú, ta ni yóò pín?

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Ìkíní: láti òní lọ, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò láàárín sáfà. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni yóò gba àlejò. Olóyè tó bá ń bínú, kó bínú nílé ara rẹ̀!

Ìkejì: ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ìlú, kó kọ́kọ́ fa wáyà yọ! Kó má ka iye iná!

Ìkẹta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da aṣọ bo sáfà! Mo tún un sọ! Òtútù kì í mú sáfà! Ìjìyà rẹ̀ ni kíká ọsàn fún ọjọ́ méje láìmu ẹyọ kan. Olóyè Ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ẹ ó ní kí ló ṣe? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí a ṣí ọjà ọsàn, Ọ̀tún yọ́ wọ yàrá. Ó dùn ún pé wọ́n ka Bàbá mọ́ àwọn ọmọdé. Ó bọ́ agbádá àrán rẹ̀, ó fi wé Bàbá títí dé ọrùn. Ooru mú Bàbá. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, Bàbá dákú!

Adégòróyè ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ Kábíyèsí lọ dá a padà. Ó wo apínrù lẹ́ẹ̀kan sí i. Apínrù ti kẹ̀yìn sí Bàbá! Àwọn àbúrò méjèèjì ló ń rán àlejò sí. Kò sí foonù kan tó mọ̀ pé nǹkan ṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, ọsàn tán nílùú. Kódà, wọ́n ra ọsàn kíkan oko Ọ̀tún!

Kábíyèsí ní kí Adégòróyè di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ó tún ní kí wọ́n tú fáànù orí ìtẹ́, kí wọ́n gbé e lọ fún un sí yàrá sáfà. Abẹ̀bẹ̀ ni Kábíyèsí fi ń fẹ́ra báyìí. Ewúrẹ́ ṣì wà níta.

Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, láti ààfin ló ti wá. Èmi Oyèéníran ti dé iwájú ilé yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò sí nílé! Mo ń lọ sí àdúgbò kejì o!