Bí Bátósì Ará Gíríìkì Ṣe Wọ Ọjà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀nà kan ò wọjà? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọjà ìlú yín ni wọ́n wò tí wọ́n fi pa á. Irọ́ ni. Ọjà tí gbogbo ọ̀nà já sí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi òwe ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́.

Nílẹ̀ ọ̀hún, òkè ń bẹ níwájú, òkè ń bẹ lẹ́yìn, ibi tí òkè bá sì parí sí ni òkun ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àfonífojì ló ń dá ìlú tirẹ̀ ṣe. Ìlú tí ẹ̀ ń gbọ́ kíkọ àkùkọ wọn láti ojú oorun yín, òfin wọn yàtọ̀, kódà orúkọ tí wọ́n ń pe oṣù yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ ni Bátósì ń gbé pẹ̀lú Mẹ́lítà aya rẹ̀. Òkúta pọ̀ lóko wọn ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Igi ólífì ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlìkámà kọ̀, kò hù.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú Mẹ́lítà.

"Baálé mi, èso ólífì la jẹ láàárọ̀, òun náà la jẹ lálẹ́. Ara àwọn ọmọ ń yọ̀ débi pé mi ò rí wọn dì mú mọ́. Ẹ gbé òróró ólífì lọ sọ́jà, kí ẹ fi gba àlìkámà bọ̀. Bí ẹ bá padà lọ́wọ́ òfo, ilé bàbá mi ni kí ẹ ti wá wá èmi àtàwọn ọmọ."

Bátósì fẹ́ràn obìnrin yìí, ó sì mọ̀ pé kì í halẹ̀ lásán.

Ẹ̀yìn òkè ni ọjà wà, létí òkun. Àwọn aládùúgbò ní kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Ọ̀nà tí bàbá mi tọ̀ nìkan lọ̀nà." Ó di àpò awọ méjì tó kún fún òróró lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó gba àárín òkè méjì lọ. Ló bá bá bàbá arúgbó kan tó gbé ọ̀kọ̀ lé itan.

"Padà! Ìlú wa ń bá ìlú yín jagun."

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Láti ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Ewúrẹ́ yín jẹ ọgbà wa."

"Níbo wá ni wọ́n ti ń jà?"

"A ò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tá a bá kórè tán, ọwọ́ wa dí. Padà!"

Bátósì gbé ìgbéraga mì, ó wọ ọkọ̀. Atukọ̀ rọra ń tọ etí òkun lọ, àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe gbá wọn, ó dà wọ́n sí erékùṣù kan. Bátósì fi òróró lọ àwọn ará ibẹ̀.

"Òróró kẹ̀?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tiwa là ń wá ẹni gbé fún. Ṣé o ò ní àlìkámà?"

Afẹ́fẹ́ náà ló tún gbá wọn padà síbi tí wọ́n ti gbéra.

Ojú wá kán Bátósì. Ó tún di àpò méjèèjì lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó gun orí òkè gan-an, níbi tí ọ̀nà kankan ò sí. Láti ṣóńṣó orí rẹ̀, ó rí ọjà nísàlẹ̀ kedere, tòun ti òkìtì àlìkámà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó gbọn àpò méjèèjì sílẹ̀, ó yíjú, ó gba ilé lọ. Ẹranko ni, àmọ́ ó lọ́gbọ́n. Bátósì pọn àpò kan, ó gbé ìkejì mọ́ àyà, ó gbẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ yọ̀. Ó fìdí jókòó, àpò ẹ̀yìn bẹ́, òróró ṣáájú, Bátósì tẹ̀ lé e.

"Ẹ yà o! Ẹ yà!"

Àwọn ewúrẹ́ yà. Gbìì! Àárín òkìtì àlìkámà ló balẹ̀ sí.

Nígbà tó máa dìde, àlìkámà ti lẹ̀ mọ́ ọn látòkèdélẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣẹ́jú. Àwọn kan kúnlẹ̀, wọ́n ní òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá tó ni àlìkámà ò kúnlẹ̀ ní tiẹ̀.

"Òrìṣà wo? Ọjà mi ló wọ̀ sọ́rùn yẹn!"

"Ẹ má bínú, ìyá mi." Bátósì na àpò àyà rẹ̀ sí i, èyí tí kò bẹ́. Ìyá tọ́ òróró náà wò, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó fún un ní àpò àlìkámà kan, ó sì fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn ta á lọ́rẹ.

Bàbá ẹlẹ́ja kan bi í pé, "Ọmọ mi, ọ̀nà wo lo gbà wá?"

Bátósì nàka sókè. Bàbá wo ibi tí òróró ti ń dán bí ojú ipa ìgbín, ó mirí. "Háà! Ọ̀nà kan ò mà wọjà o."

Àárín òkè méjì ló gbà padà. Bàbá arúgbó tó gbé ọ̀kọ̀ lé itan rí ohun tó ń bọ̀, ó ju ọ̀kọ̀ nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí ogun yẹn ṣe parí nìyẹn.

Mẹ́lítà ṣílẹ̀kùn, ó lanu. "Baálé mi, mo ní kí ẹ gbé àlìkámà wálé, mi ò ní kí ẹ di àlìkámà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó wá gbé abọ́ sábẹ́ ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Mo rí ẹni tó ń wò mí tìfuratìfura lẹ́yìn yẹn. Ó fẹ́ bi mí pé òwe tí wọ́n pa ní Gíríìkì, lẹ́yìn òkun àti aṣálẹ̀, ọ̀nà wo ló gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa. Ìwọ náà! Ṣé o ò gbọ́ pé ọ̀nà kan ò wọjà ni?