Bàbá Bracamonte Lórí Òrùlé Ọkọ̀

Rosalio Bracamonte jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ó jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ láàárín odò kan lẹ́yìn ìlú Tucson, ní Arizona. Láàárọ̀, iyanrìn lásán ló wà nínú odò náà. Ní báyìí, omi pupa ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé. Ilé ìkàwé ló ń lọ, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àjèjì nípa ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àjèjì ọ̀hún, Marit Halvorsen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Minnesota, dúró sí etí odò, ó fi agboòrùn borí.

"Bàbá, ẹ káàsán o! Ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ kọ́ wa ni?"

"Rárá. Mò ń sinmi."

"Nínú omi?"

"Lórí ọkọ̀. Máa fojú ẹ wo nǹkan dáadáa, ọmọ mi."

Marit wojú ọ̀run. "Òjò ò rọ̀ níbí o. Níbo lomi yìí ti wá?"

Rosalio gbàgbé ibi tó wà. Ohùn rẹ̀ là. "Ìbéèrè gidi! Orí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Ilẹ̀ wa le, kì í tètè fa omi mu. Gbogbo ẹ̀ á wá sáré já wá síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ àná nílẹ̀ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kẹ̀? Àwọn baba ńlá mi ti wà níbí látìgbà tí Sípéènì ló ni ilẹ̀ yìí. Mẹ́síkò gbà á, a ò kúrò. Amẹ́ríkà rà á, a ò kúrò."

"Omi náà wá dé, ẹ ò tún kúrò."

Ọkọ̀ mì. Rosalio gbá òrùlé mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n pe panápaná."

"Má dán an wò! Òfin kan wà níbí, òfin awakọ̀ òmùgọ̀ la ń pè é. Ẹni tó bá yí igi ìdènà kọjá, tó wọ omi, tí wọ́n wá fà á jáde, orí ẹ̀ ni gbogbo ìnáwó ń já lé."

"Ṣé igi ìdènà yìí ni? Àwòrán bàbá kan wà lára ẹ̀. Ó na ìka, ó ní, 'Omi ò mojú ẹnikẹ́ni.' Ó jọ yín o."

"Àbúrò mi ni."

"Orúkọ yín ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀."

Rosalio mí kanlẹ̀. "Èmi ni. Ṣó o wá rí i? Bí wọ́n bá bá mi níbí, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo Tucson."

"Kí ló wá gbé yín wọ ibẹ̀?"

"Mo rò pé ó máa mọ tèmi."

Marit wo aago rẹ̀. "Ẹ ti pẹ́. Ṣé ẹ ò kúkú ní yí aago sẹ́yìn ní wákàtí kan, bí ìjọba ṣe máa ń ní ká ṣe lọ́dọọdún ní Minnesota?"

"Ní Arizona? A kì í yí aago níbí. Àwọn tó ń wá oòrùn kún oòrùn ló ń yí i; èyí tá a ní níbí ti tó jó wa. Gbọ́, sọ fáwọn tó ń dúró dè mí nílé ìkàwé pé ooru mú mi."

"Ṣebí ẹ ní ooru gbígbẹ ni, pé kì í mú ọmọ onílẹ̀?"

"Òní ló mú mi!"

"Bàbá, ẹ ti rẹ dé itan."

Àmọ́ Marit yẹra, ó gbé fóònù sétí, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi. O ní ara mi ò yá?"

"Mo ní ẹ wà lórí ọkọ̀ láàárín odò. Mi ò lè purọ́. Inú wọn dùn gan-an! Wọ́n ní bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ni nìyẹn. Gbogbo wọn ń bọ̀, wọ́n ń kó àga."

Ọkọ̀ tún mì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí ẹ̀gbẹ́ sómi. Rosalio kígbe.

"Jọ̀ọ́, pe panápaná! Kíá! Kí wọ́n yọ mí káwọn yẹn tó dé!"

"Ọ̀gá panápaná wà láàárín wọn. Òun ni wọ́n ní kó fi yín han àwọn èèyàn lónìí."

"Ó máa fi mí hàn lóòótọ́."

Wọ́n dé. Wọ́n to àga sétí odò. Ọ̀gá panápaná ju okùn. Rosalio so ó mọ́dìí, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó sì pariwo: "Ẹ̀kọ́ kìíní! Ẹ wò mí dáadáa, kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí wọ́n fi fà á gúnlẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé tàmálè, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé wé, kalẹ̀ ní ilé ìkàwé. Marit fa àga sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ó yé wa yékéyéké. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ejò olóró ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa mú ejò wá, àbí ká bá yín wá a?"

Rosalio jẹ tàmálè mẹ́ta, ó sì fa àga tiẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.