Thawin Fẹ́ Sọ̀rọ̀ Níbi Ẹsẹ̀ Búdà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Thawin, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fi ń wá ìgboyà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Lamduan, opó tó ń ta ẹja sísun ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lọ sí tẹ́ńpìlì kan lẹ́bàá ìlú Ayutthaya, níbi tí ère Búdà ràgàjì kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé. Àwọn olùjọ́sìn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń lu agogo lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi ń sùn lọ́sàn-án gangan?" Thawin bi Lamduan.

"Ta ló ń sùn? O ò rí i pé ó lajú ni? Ó ń fayé sílẹ̀ ni."

"Tẹ̀ríntẹ̀rín?"

"Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, kí ni kò ní jẹ́ kó rẹ́rìn-ín?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Thawin díẹ̀, torí òun ṣì ń fẹ́ nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ yín."

Gbáaan! Agogo dún.

"Ó mà fẹ̀ o! Wo àyà rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa ò fẹ̀ tó o."

"Mi ò sọ pé ó fẹ̀. Fífẹ́ ni mò ń wí."

Gbáaan!

"Fífẹ́ kẹ̀? Èèwọ̀! A kì í fẹnu fẹ́ àbẹ́là pa níwájú Búdà."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ ère náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju orí àwọn méjèèjì lọ. Thawin fi ewé wúrà tó mú wá láti lẹ̀ mọ́ ère nu òógùn ojú, kò mọ̀. Wúrà lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, torí ẹsẹ̀ yìí ni mo ṣe ní ká wá."

"Ẹ̀ṣẹ̀! Mo ti ń fura. Àtàárọ̀ lo ti ń làágùn bí ẹni tó jí ẹlẹ́dẹ̀ gbé. Jẹ́wọ́."

"Ẹsẹ̀ ni mo wí. Ẹsẹ̀ Búdà!"

"Búdà gan-an lo ṣẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tí mo ṣẹ̀! Ọ̀rọ̀ ìgbé—"

Gbáaan!

"—yàwó ni."

"Ìyàwó? Thawin! Ìyàwó ta ni?"

"Kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Opó ni."

Lamduan tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ̀.

"Ṣé Malai, opó tó ń sun ẹja tà bíi tèmi, ni?"

"Malai kọ́."

"Ó dáa. Ẹja tí wàá máa jẹ ni mo rò, ó máa ń sun ún jóná. Èwo wá ni?"

"Ó fi ọdún méjì jù mí lọ."

"Háà! Kí lo fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

Sùúrù Thawin tán.

"Ẹ̀YIN NI! Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fẹ́!"

Lásìkò yẹn gan-an, kò sẹ́ni tó lu agogo. Gbogbo tẹ́ńpìlì gbọ́. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń gbálẹ̀ fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu, tayọ̀tayọ̀ ni Thawin ì bá fi wọ inú rẹ̀.

Lamduan wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta lò ń pè ní arúgbó?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tíì mọ̀ pé èmi ni nígbà yẹn."

Ó na ọwọ́, ó rọra ṣí wúrà kúrò níwájú orí rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ kó wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n báwọn ọmọ mi bá bi ọ́, sọ fún wọn pé ẹkún lo fi bẹ̀ mí."

"Mi ò kúkú sunkún."

"A ò tíì délé."